Àpótí Bond 50: Ibi Tó Yẹ Kí Ẹni Tó Ń Méfò Nípa Bond Tuntun Ti Bẹ̀rẹ̀

Láti ìgbà tí James Bond, amí ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì inú sinimá, ti kú lójú wa nínú No Time to Die lọ́dún 2021, ẹnu àwọn olólùfẹ́ rẹ̀ kò sinmi. Ta ni yóò jẹ Bond? Báwo ni òkú ṣe fẹ́ padà wá? Ṣé ayé àtijọ́ ni wọ́n máa gbé ìtàn náà lọ ni? Bí a bá tilẹ̀ ń sunkún, a máa ń ríran, ohun tó sì yẹ kí a wò ti wà nílẹ̀: àwọn fíìmù tó ti jáde. Èyí tó kó ọ̀pọ̀ wọn sójú kan ni Bond 50, àpótí àwo Blu-ray tí wọ́n gbé jáde lọ́dún 2012 nígbà tí Bond pé 50 ọdún lójú agbo sinimá. Ojú ẹni tó fẹ́ méfò pẹ̀lú ẹ̀rí lọ́wọ́ ni a fi yẹ̀ ẹ́ wò.

Fíìmù 22 ló wà nínú rẹ̀, láti Dr. No (1962) dé Quantum of Solace (2008). Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ kí gbogbo 25 tí ilé iṣẹ́ Eon ṣe pé sí i lọ́wọ́ ní láti ra mẹ́ta kún un: Skyfall, Spectre àti No Time to Die. Ẹ má fi àwọn mẹ́ta yìí sílẹ̀ o, orí wọn ni àríyànjiyàn tó gbóná jù dá lé. Ẹ kò ní rí Casino Royale ti 1967 àti Never Say Never Again ti 1983 níbẹ̀, nítorí Eon kọ́ ló ṣe wọ́n. Ẹni tó bá ń fi Never Say Never Again ṣe ẹ̀rí ti ṣì í mú. Sean Connery, ẹni tó kọ́kọ́ jẹ Bond fún Eon, ló wà nínú rẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ìjà lórí ẹni tó ni ìtàn Thunderball ló bí fíìmù náà. Ọdún 2013 ni ọ̀rọ̀ ẹ̀tọ́ ọ̀hún tó yanjú, ìyẹn ló sì jẹ́ kí Eon lè dá SPECTRE, ẹgbẹ́ ọ̀daràn tó ń bá Bond jà, àti Blofeld, olórí wọn, padà sójú agbo lọ́dún 2015. Ẹ rí i pé agbẹjọ́rò lè pinnu ọ̀tá tí Bond máa bá jà ju ẹni tó kọ ìtàn lọ.

Iṣẹ́ tí wọ́n ṣe sára àwòrán dára gan-an. Ilé iṣẹ́ Lowry Digital ló fi kọ̀ǹpútà fọ àwọn fíìmù àtijọ́, tí wọ́n mú ìdọ̀tí àti ilà ara wọn kúrò, àwòrán kan tẹ̀ lé òmíràn. Dr. No mọ́ gaara, àwọ̀ òkun Jàmáíkà sì tàn bí ẹni pé àná ni wọ́n yà á. Ṣùgbọ́n àwòrán tó mọ́ kì í bo àṣìṣe. Nínú Die Another Day (2002), níbi tí Bond ti ń gun ìgbì òkun láàárín yìnyín, ẹni tó bá ní ojú yóò rí i pé kọ̀ǹpútà ló ya ìgbì náà, kò sì yà á dáadáa. Ẹ fi ojú sí ibẹ̀ dáadáa. Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé òpin ọ̀nà kan.

Ìdí tí a fi sọ bẹ́ẹ̀ ni pé fíìmù Bond máa ń fì bí jangirọ́fà ni. Tó bá ti lọ jìnnà jù sí apá kan, yóò padà. Ní 1967 wọ́n gbé ibùba ọ̀tá sínú òkè ayọnáyèéfín nínú You Only Live Twice. Ní 1969 On Her Majesty's Secret Service padà sídìí ìwé Ian Fleming, ẹni tó dá Bond sílẹ̀, ohun èlò àrà rẹ̀ kò tó nǹkan, Bond sì gbé ìyàwó. Ní 1979 Moonraker gbé e lọ sí òfúrufú. Ní 1981 For Your Eyes Only gbé e padà sórí ilẹ̀, Roger Moore kan náà ló sì jẹ Bond nínú méjèèjì. Ìyẹn ló ṣe pàtàkì jù níbẹ̀: òṣèré kò yí padà, síbẹ̀ eré yí padà. Lẹ́yìn ọkọ̀ tí kì í hàn sójú ní 2002, Casino Royale ti 2006 bẹ̀rẹ̀ láti ọjọ́ tí Bond ṣẹ̀ṣẹ̀ gba àṣẹ láti pa ènìyàn.

Ẹni tí kò bá ráyè wo gbogbo rẹ̀, kí ó wo fíìmù márùn-ún tí òṣèré tuntun ti gba ipò lọ́wọ́ ẹni tó wà níbẹ̀: On Her Majesty's Secret Service, Live and Let Die (1973), The Living Daylights (1987), GoldenEye (1995) àti Casino Royale. Nǹkan bíi wákàtí 11 ni gbogbo wọn. Kí ó tó bẹ̀rẹ̀ ọ̀kọ̀ọ̀kan, kí ó wo ìṣẹ́jú 20 tó gbẹ̀yìn nínú fíìmù tó ṣáájú rẹ̀, kí ó lè rí ohun tí wọ́n ń sá fún. Tí ẹ bá wá gbé No Time to Die sí ìdí ìlà yẹn, ọ̀nà a là. Fíìmù márààrún Daniel Craig so kọ́ra bí ìtàn kan ṣoṣo, èyí tó gbẹ̀yìn sì jẹ́ ìṣẹ́jú 163, pẹ̀lú ọmọ, olólùfẹ́ àti ikú. Ní tiwa, èyí tó kàn kò ní gbé ẹbí lérí mọ́. Iṣẹ́ kan, ọ̀tá kan, ìtàn tó parí sínú ara rẹ̀.

Àbá tí a kọ̀ pátápátá ni ti àwọn tó ní orúkọ iṣẹ́ lásán ni James Bond, tí amí kan máa ń gbé fún òmíràn. Ohun tó bí àbá yìí yé wa: George Lazenby fúnra rẹ̀ fi ẹnu kan ẹni tó ṣáájú rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ fíìmù 1969, Judi Dench sì jẹ́ M, ọ̀gá Bond, fún Pierce Brosnan àti Craig. Ṣùgbọ́n àwo inú àpótí yìí ló ń já a. Lazenby ló fẹ́ Tracy, ìyàwó Bond; Moore ló dúró nídìí sàréè rẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ For Your Eyes Only; ojú Timothy Dalton ló sì yí padà nígbà tí wọ́n mẹ́nu kan ìgbéyàwó nínú Licence to Kill (1989). Ọkùnrin kan ni gbogbo wọn. Skyfall wá fi sàréè bàbá àti ìyá rẹ̀ hàn, orúkọ Bond sì wà lára òkúta. No Time to Die gan-an pín ọ̀rọ̀ náà sí méjì: Nomi, amí mìíràn, ń jẹ́ 007, nọ́ńbà Bond, kò sì jẹ́ Bond. Nọ́ńbà ni wọ́n lè gbé fún ẹlòmíràn, kì í ṣe orúkọ.

Ikú kò wá di nǹkan kan lọ́wọ́. Ní 2006 wọ́n ti tún ìtàn náà bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀, M kan náà ló sì wà lórí àga, àwọn òǹwòran kò sì torí ìyẹn kọ̀ ọ́.

Ẹ má gbára lé ìlérí ẹ̀yìn fíìmù pàápàá. The Spy Who Loved Me (1977) kọ ọ́ sí ìparí pé For Your Eyes Only ló kàn. Star Wars, fíìmù òfúrufú, dé, ó pawó, Moonraker ló jáde. Ó sì dára kí a rántí Brosnan: wọ́n ti yàn án ní 1986, àdéhùn rẹ̀ lórí eré tẹlifíṣọ̀n Remington Steele fà á padà, Dalton gbà á, ọdún 1995 ni Brosnan tó débẹ̀. Bí ẹni tí wọ́n ti yàn bá lè pàdánù rẹ̀, kí ni ti orúkọ tí àwọn ènìyàn kàn ń pè kiri?

Ohun tó lérè ju orúkọ lọ ni ìṣirò ọjọ́ orí. Connery jẹ́ ọmọ ọdún 32 nígbà tí Dr. No jáde, Craig jẹ́ 38 ní 2006, Moore sì jẹ́ 57 nígbà tí ó kúrò ní 1985. Bí wọ́n bá fẹ́ fíìmù mẹ́rin, tí ọdún mẹ́ta ń là wọ́n láàárín, ọdún mẹ́sàn-án ni láti àkọ́kọ́ dé ìkẹrin. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 33 yóò parí ní 42. Ẹni tó bẹ̀rẹ̀ ní 42 yóò parí ní 51, ìyẹn bí ìdádúró kankan kò bá wáyé. Ìdádúró sì máa ń wáyé: ọdún mẹ́fà ló là láàárín 1989 sí 1995 nítorí ẹjọ́, ọdún mẹ́fà míràn tún là láàárín 2015 sí 2021.

Àwọn tó wà lẹ́yìn kámẹ́rà náà ti yí padà. Ní oṣù kejì ọdún 2025, Barbara Broccoli àti Michael G. Wilson, àwọn olóòtú Bond ní Eon, gbà kí ìpinnu lórí eré bọ́ sọ́wọ́ Amazon MGM. Lẹ́yìn náà ni wọ́n kéde Amy Pascal àti David Heyman gẹ́gẹ́ bí olóòtú, Denis Villeneuve gẹ́gẹ́ bí olùdarí, àti Steven Knight gẹ́gẹ́ bí ẹni tí yóò kọ ọ́. Nítorí pé Knight ló dá Peaky Blinders, eré tẹlifíṣọ̀n ayé àtijọ́, sílẹ̀, àwọn kan ti ń sọ pé ayé ọdún 1950 ni Bond ń padà sí. A kò rí i bẹ́ẹ̀. Dr. No títí dé No Time to Die, ayé ìgbà tí wọ́n ń ya fíìmù ni Bond ń gbé, àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ àti aago tó ń bá wọn ṣòwò sì fẹ́ ta ọjà tuntun. Ọkọ̀ tí kò sí lórí àtẹ mọ́ kò lè pa owó fún wọn.

Yàtọ̀ sí àwọn fíìmù, ẹ wá fídíò tí orúkọ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Inside lórí àwọn àwo náà, bíi Inside Dr. No. Ibẹ̀ ni àwọn tó ṣe iṣẹ́ náà ti ń sọ ìdí tí wọ́n fi ṣe é báyìí tí wọn kò ṣe é báyẹn. Ẹ yẹ ẹ̀yìn àpótí wò kí ẹ tó sanwó, nítorí Blu-ray pín sí agbègbè A, B àti C, ẹ̀rọ tó jẹ́ ti agbègbè kan lè kọ àwo tí wọ́n tì mọ́ agbègbè mìíràn. Bí ó bá sì jẹ́ lọ́wọ́ ẹni tó ti lò ó lẹ ti ń rà á, ẹ ka fíìmù 22 náà ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gbé àwo kọ̀ọ̀kan sí ìmọ́lẹ̀ wo bóyá ó ti ha. Àyè kan yóò ṣófo. Ẹ má tìtorí ìyẹn bá ẹni tó ń tà á jà: Skyfall kò tíì jáde nígbà tí wọ́n ṣe àpótí náà, òun ni wọ́n fi àyè ọ̀hún dè.