Ìkìlọ̀: Ẹ Má Sanwó fún Ìwé Ìran Gẹ̀ẹ́sì Tí Kò Ní Nọ́ńbà

Ẹ̀yin ará wa ní Ìlú Ọba, pàápàá ẹ̀yin tí ọkọ tàbí aya yín jẹ́ ọmọ Gẹ̀ẹ́sì, tí ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ mọ ìran wọn nílé bàbá àti nílé ìyá: àwọn gbájúẹ̀ ti dé o. Orúkọ ìdílé nìkan ni wọ́n ń bèèrè. Wọ́n á ní láàárín ọjọ́ méjì àwọn á ka bàbá ńlá yín dé ọdún 1300. Ìwé tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ rẹwà, ó ní àmì oyè ìdílé (coat of arms) lórí, ó ní ríbọ́ọ̀nù. Ẹ fi ìyẹn sílẹ̀, ẹ wo inú rẹ̀.

Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti orí ìkànìyàn. Lọ́dún 1841, wọ́n ní kí àwọn tó ń kànìyàn dín ọjọ́ orí ẹni tó ti ju ọdún 15 lọ kù sí ìlọ́po márùn-ún, kí ẹni ọdún 38 di 35. Wọn ò kọ abúlé tí wọ́n ti bí èèyàn, Y tàbí N lásán ni, bóyá ní káńtì (ẹkùn ìlú) yẹn ni wọ́n bí i àbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọn ò sì kọ ohun tí ẹnì kan jẹ́ sí baálé ilé. Bí ìwé bá wá sọ pé "1841: John, ọmọ Thomas, a bí i ní abúlé báyìí", irọ́ ni, torí 1851 ni irú àlàyé bẹ́ẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá fi ìkànìyàn 1931 ti England han yín, ẹ sá fún un: iná ti jó gbogbo rẹ̀ lọ́dún 1942. Ti 1941 kò wáyé rárá nítorí ogun.

Ibi ìwé kóòtù mánọ̀ (mánọ̀ ni ilẹ̀ ńlá tó jẹ́ ti olówó kan láyé àtijọ́) ni irọ́ ti pọ̀ jù, torí wọ́n mọ̀ pé ẹni tó ń rà á kò lè kà á. Kóòtù yìí ni olówó ilẹ̀ fi ń ṣàkóso àwọn tó ń dáko lórí ilẹ̀ rẹ̀. Bí ọ̀kan nínú wọn bá kú, àrólé rẹ̀ á wá síwájú kóòtù, á sanwó kí wọ́n tó gbà á wọlé, akọ̀wé á sì kọ ọ́ pé ọmọ lágbájá ni. Wúrà nìyẹn fún ẹni tó ń tọ ìran. Ṣùgbọ́n Látìnì ni wọ́n fi kọ ọ́ títí di 1733, àfi láàárín 1651 sí 1660, ọ̀rọ̀ tí wọ́n gé kúrú ló sì kún inú rẹ̀. Ẹni tó bá fi ti 1620 ránṣẹ́ ní Gẹ̀ẹ́sì tó já gaara, ẹ bi í pé fọ́tò Látìnì rẹ̀ dà? Alágbàṣe tí kò nílẹ̀ kì í sábà hàn níbẹ̀, ọ̀pọ̀ ìwé náà sì ti sọnù. Ohun tí wọ́n ń ṣe ni pé wọ́n á rí William Smith ní mánọ̀ kan, wọ́n á so ó mọ́ William Smith ti mánọ̀ mìíràn, ó parí.

Àmì oyè ńkọ́? Ẹnì kan àti àtọmọdọ́mọ rẹ̀ ni College of Arms ń fún, kì í ṣe gbogbo ẹni tó ń jẹ́ orúkọ kan náà.

Kí ẹ tó sanwó, ẹ bèèrè fọ́tò ojú ìwé kan àti nọ́ńbà rẹ̀ ní National Archives, ibi tí ìjọba ń kó ìwé àtijọ́ pamọ́ sí: HO 107 ni ti 1841 àti 1851, RG 9 ni ti 1861, ó ń gòkè ní ọ̀kọ̀ọ̀kan dé RG 15 ti 1921. Nọ́ńbà ìwé gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé e, àti ti ojú ewé fún ti 1841 sí 1901. Ọ̀fẹ́ ni wíwá mánọ̀ nínú Manorial Documents Register (àkọsílẹ̀ tó ń sọ ibi tí ìwé mánọ̀ wà), ọ̀fẹ́ sì ni ìkànìyàn 1881 lórí ìkànnì FamilySearch, ẹ fi wọ́n yẹ̀ ẹ́ wò. Bí owó bá ju £100 lọ, káàdì kírẹ́díìtì ni kí ẹ fi san, torí òfin jẹ́ kí ẹ lè gba owó yín padà lọ́wọ́ báńkì bí iṣẹ́ ò bá jẹ́ bí wọ́n ṣe ṣèlérí. Ẹni tó bá ní àkáǹtì òun gan-an ni kí ẹ sanwó sí, tó sì ní àṣírí iṣẹ́ ni nọ́ńbà ìwé, ẹ dínà mọ́ ọn lórí fóònù yín.