Adágún tí kò lómi ní Grand-Popo: ọjọ́ mẹ́rin létí òkun pẹ̀lú ìyá, ìyàwó àti ọmọ mẹ́ta

Ká ní adágún ìwẹ̀ ilé ìtura yìí lómi nínú lọ́jọ́ tí a débẹ̀ ni, n kì bá tí jókòó kọ ohunkóhun, nítorí n kì í ṣe ẹni tí í kọ àgbéyẹ̀wò. Ṣùgbọ́n adágún yẹn gan-an ni mo torí rẹ̀ sanwó. Etí òkun Grand-Popo, ní orílẹ̀-èdè Benin, gùn, ó mọ́, igi àgbọn sì tò lọ bẹẹrẹ lẹ́yìn rẹ̀, àmọ́ òkun ibẹ̀ kì í ṣe èyí tí ènìyàn ń kó ọmọ sí: ilẹ̀ abẹ́ omi rẹ̀ dà gẹ̀rẹ̀ lójijì, ìgbì ń fọ́ lu etí ilẹ̀ tagbáratagbára, ìṣàn rẹ̀ sì lè wọ́ àgbàlagbà tó mọ ìwẹ̀ lọ. Mo mọ èyí kí n tó gbéra ní Ìbàdàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi bèèrè lórí fóònù lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí n tó fi owó ránṣẹ́, bóyá adágún àwọn ọmọdé ń ṣiṣẹ́, tí ọmọbìnrin tó gbé fóònù sì dá mi lóhùn lẹ́ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta pé, "Ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ọ̀gá."

A ti jiyàn púpọ̀ nílé kí a tó mú ìlú yìí. Ìyàwó mi fẹ́ kí a padà sí Àgbádárìgì, níbi tí a kó àwọn ọmọ lọ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Wọ́n rí ilé alájà tí àwọn míṣọ́nárì kọ́ parí ní 1845, wọ́n fọwọ́ kan ṣẹkẹṣẹkẹ̀ tí wọ́n fi ń de ẹrú, a sì wọ ọkọ̀ ojú omi sọdá ọ̀sà, a fẹsẹ̀ rìn nínú iyanrìn gbígbóná títí dé etí òkun tí wọ́n ti ń kó àwọn ẹrú lọ. Kò yẹ kí ọmọ wa kankan dàgbà láìrí ibẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ìbejì, tí wọ́n jẹ́ ọmọ ọdún márùn-ún nígbà náà, kò sùn dáadáa fún ọ̀sẹ̀ kan, n kò sì mọ ẹni tí yóò pe ìyẹn ní ìsinmi. Ti etí òkun Lẹ́kí, ariwo ẹ̀rọ orin nìkan ti tó láti lé ìyá mi sá. Ìyá mi yìí ló dárúkọ ọ̀nà Àjàṣẹ́ àti Kùtọnu, nítorí ìyá tirẹ̀ ná ọjà dé ibẹ̀, kò sì gbà pé ilẹ̀ òkèèrè ni. A kò nílò físà, ìrìn láti Kùtọnu dé Grand-Popo kò sì ju nǹkan bí kìlómítà 80 lọ.

Àwọn ìbejì ti wọ ṣòkòtò ìwẹ̀ láti inú ọkọ̀. Bí a ṣe dúró, wọ́n sáré lọ síwájú, n kò sì gbọ́ ariwo ayọ̀ kankan. Ìgbà tí mo débẹ̀ ni mo rí ìdí rẹ̀: adágún náà gbẹ, ewé gbígbẹ kún ìsàlẹ̀ rẹ̀, àga ike kan dojú dé láàárín rẹ̀, ọ̀pọ̀lọ́ kan sì jókòó sórí àga náà bí onílé.

Ọmọbìnrin tó ń gbàlejò wo ìwé, ó wò mí, ó tún wo ìwé. Ó ní ẹ̀rọ tó ń fa omi ló bàjẹ́. Mo bèèrè ìgbà tó bàjẹ́. Ó ní láti oṣù tó kọjá. Mo rán an létí pé lọ́sẹ̀ tó kọjá ni a sọ̀rọ̀, ó sì fèsì pé nígbà yẹn, wọ́n rò pé àtúnṣe yóò ti parí kí a tó dé. Mo ní kí ó pe ọ̀gá rẹ̀. Ọ̀gá náà sọ Faransé lórí fóònù fún ìgbà pípẹ́, ọmọbìnrin náà sì túmọ̀ gbogbo rẹ̀ ní gbólóhùn kan: òkun ṣáà wà níbẹ̀. Inú mi ru débi pé ìyàwó mi di apá mi mú. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, ọmọkùnrin òṣìṣẹ́ kan gbé báàfù ìfọṣọ ńlá kan wá, ó pọn omi kún un, ó sì gbé e sí ẹ̀gbẹ́ adágún náà. Kò rẹ́rìn-ín rárá. Àwọn ìbejì kó sínú rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà.

Ìyá mi ń kùn ní Yorùbá lórí ọ̀rọ̀ yìí nígbà tí ọkùnrin tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà kúnlẹ̀ kí i. Ọmọ Kétu ni. Ó gbọ́ gbogbo rẹ̀ tán, ó sì yíjú sí mi: "Bàbá ìbejì, ẹ fi òkun sílẹ̀ fún àwọn apẹja. Ẹ jẹ́ kí n mú yín lọ síbi tí àwọn ọmọ wa ti ń wẹ̀ lọ́la."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó gba ọkọ̀ ojú omi kan fún wa lórí odò Mono, ó fún ọmọ kọ̀ọ̀kan ní ẹ̀wù tí kì í jẹ́ kí ènìyàn rì, ó sì fọwọ́ ara rẹ̀ so okùn wọn. A gba àárín àwọn igi tó ta gbòǹgbò sókè omi, a rí àwọn obìnrin tó ń se iyọ̀, títí a fi súnmọ́ ibi tí odò ti ń wọ òkun. Ẹ̀yìn òkìtì iyanrìn tó dojú kọ odò ló dúró sí. Omi ibẹ̀ kò kọjá orúnkún ọmọ mi àgbà. Ó ri igi kan mọ́lẹ̀, ó ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ kọjá rẹ̀, ó sì dúró ti igi náà fún wákàtí mẹ́ta láìjókòó. Ibẹ̀ ló ti sọ fún wa pé òkun ti gbé èyí tó pọ̀ nínú ìlú àtijọ́ lọ, ilé àwọn òyìnbó àti gbogbo rẹ̀. N kò tíì rí òṣìṣẹ́ ilé ìtura tó ṣe bẹ́ẹ̀ rí, kò sì sí nínú iṣẹ́ tí wọ́n gbà á fún.

Yàrá mọ́, afẹ́fẹ́ òkun sì tó. Ẹja díndín wọn kò lẹ́gbẹ́. Ìyá mi jẹ àkàsà, ó ní ẹ̀kọ ni, wọ́n kàn yí orúkọ rẹ̀ padà ni. Lẹ́yìn ilé, àlùbọ́sà ń hù nínú iyanrìn funfun, ìyàwó mi kò sì gbà á gbọ́ títí ó fi fa ọ̀kan tu. Ẹni tí ọmọ rẹ̀ kì í gbọ́ "má lọ síbẹ̀" lẹ́ẹ̀kan kí ó mú ìlú mìíràn.

Lọ́jọ́ tí a ń lọ, mo rí i nínú ìwé owó: ìlò adágún, ọmọ mẹ́ta, 6,000 sẹ́fà. Mo na ìwé náà sí ọmọbìnrin ọjọ́ kìíní. Ó kà á, ó fọwọ́ bo ẹnu, ó fi báírò fa ìlà lé e, ó sì ní àwọn yóò dá owó ọjọ́ kan padà fún mi pẹ̀lú.

Mo fún wọn ní 4 nínú 5. Owó náà kò tíì dé.