Ká jáwọ́ nínú ẹran, àbí ká dín in kù?

Ẹni tó pa ẹran, ẹja, ẹyin àti wàrà tì pátápátá gbọ́dọ̀ máa wá fítámì B12 kiri, torí kò sí nínú ẹ̀wà tàbí ẹ̀fọ́. Lọ́pọ̀ ìgbà, oògùn oníhóró ló máa ń lò. Ẹni tó kàn dín ẹran kù kò ní wàhálà yẹn: ẹyin kan, panla díẹ̀, ó parí.

Ìyẹn lèmi ń ṣe. Gbẹ̀gìrì lọ́jọ́ Ajé, mọ́ínmọ́ín lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Tí mo bá da irú wooro sínú epo gbígbóná, òórùn rẹ̀ á ta sánsán, ẹnikẹ́ni kì í béèrè ẹran mọ́. (Àmọ́ tó bá di ọjọ́ Àìkú, ẹ má fọwọ́ kan ṣàkì mi.)

Lóde àríyá, ẹni tó pa ẹran tì pátápátá á máa bi olóúnjẹ bóyá edé wà nínú ẹ̀fọ́ rírò. Èmi á yọ ẹran sẹ́gbẹ̀ẹ́, màá máa jẹun mi lọ.