Mo gbé àpò páráṣúùtì àlòkù mi fún rigger (ẹni tó ń tún páráṣúùtì àti àpò rẹ̀ ṣe) nítorí freefly (fífò ní ìjókòó tàbí ní ìdoríkodò): ohun tí mo rí lẹ́yìn ìfò 60

Ẹni tó kọ́kọ́ lo àpò yìí, ìdojúbolẹ̀ nìkan ló máa ń fò. Fún irú ìfò bẹ́ẹ̀, àpò náà dára. Èmi ní tèmi fẹ́ máa jókòó nínú afẹ́fẹ́, kí n sì máa dorí kodò, ibẹ̀ sì ni ọ̀rọ̀ ti yí padà. Ẹni tó dojú bolẹ̀ ń já bọ̀ ní nǹkan bíi kìlómítà 190 ní wákàtí kan; ẹni tó dorí kodò lè kọjá 250. Bí páráṣúùtì bá ṣèèṣì ṣí lórí eré yẹn, ó lè ya, ó lè ṣe ọrùn léṣe, ẹni tó wà lókè rẹ sì lè já lù ọ́.

Bẹ́líìtì itan ni rigger kọ́kọ́ tọ́ka sí. Ara rẹ̀ ni páráṣúùtì kékeré tó ń fa ńlá jáde wà, Velcro (aṣọ tó ń lẹ̀ mọ́ra) tó ti gbó ló sì di okùn pẹlẹbẹ rẹ̀ mú títí dé ẹ̀yìn. Bí afẹ́fẹ́ bá wọ abẹ́ okùn yẹn, ó lè fa píìnì tó ti àpò ẹ̀yìn pa yọ nígbà tí páráṣúùtì kékeré ṣì wà nínú àpò tirẹ̀. Páráṣúùtì ńlá tó wà lẹ́yìn á tú jáde, àmọ́ okùn á ṣì dì mọ́ ẹ lára. Ẹ̀rù bà mí gan-an nígbà tó ṣàlàyé rẹ̀, torí mo ti fi bẹ́ẹ̀ jókòó sínú afẹ́fẹ́ lẹ́ẹ̀mẹrin.

Rigger gbé páráṣúùtì kékeré náà lọ sí ìsàlẹ̀ àpò ẹ̀yìn, sínú aṣọ tó ń nà, ó sì fi ìbòrí tí a ń kì bọnú rọ́pò Velcro tó wà lórí píìnì. Iṣẹ́ yìí dára, àmọ́ ó kọ́kọ́ dá wàhálà sílẹ̀. Ní ìfò kẹta, mo fà á, kò wá. Mo tún fà á, ó jáde. Aṣọ náà ti fún jù. Orí tábìlì la ti dán an wò nígbà tí àpò ṣófo, a ò rántí pé bí páráṣúùtì ńlá bá ti kún inú rẹ̀, ṣe ni aṣọ yẹn á túbọ̀ fún. Ó tú u, ó tún un rán, kò sì gba owó kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ di páráṣúùtì sínú àpò, ẹ gbé e kọ́ ẹ̀yìn, kí ẹ tó fà á wò nílẹ̀ léraléra.

Ohun tí mo fẹ́ràn jù nínú gbogbo rẹ̀ kò ju okùn kékeré lọ: èyí tí píìnì ń gbà kọjá láti ti àpò pa. Tàtijọ́ ti já wẹ́wẹ́, ó sì gùn débi pé ìka kan lè ti píìnì yọ. Bó bá fara ha ilẹ̀kùn ọkọ̀ òfuurufú lásán, ó tó. Tuntun kúrú, ó sì le. Mo ń yẹ̀ ẹ́ wò kí n tó wọ ọkọ̀, mo sì ń pààrọ̀ rẹ̀ bí fọ́nrán rẹ̀ bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í já.

Rọ́bà tó so bẹ́líìtì itan méjèèjì pọ̀ lẹ́yìn náà wúlò. Tẹ́lẹ̀, bí mo bá jókòó, wọ́n á máa yọ́ lọ sí orúnkún. Ní báyìí, wọn kì í kúrò níbi tí mo fi wọ́n sí.

Ní ti irin ìfàyọ páráṣúùtì kejì (èyí tí a ń lò bí ti àkọ́kọ́ bá kùnà), rigger dábàá kí n pààrọ̀ rẹ̀ sí ti aṣọ kí ọwọ́ ẹlòmíràn má baà kọ́ ọ. Mo kọ̀. Mo ń wọ ìbọ̀wọ́, mo sì fẹ́ ohun tí àtàǹpàkò mi lè wọ̀. Ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí a jọ ń fò ò gbà pẹ̀lú mi.

Ìbòrí èjìká, èyí tó bo okùn tó so páráṣúùtì mọ́ èjìká, nìkan ni kò tẹ́ mi lọ́rùn. Páráṣúùtì ńlá mi kéré sí èyí tí wọ́n rán àpò náà fún, ìbòrí kò rí nǹkan tì í, ó sì ń ṣí bí mo bá dorí kodò pẹ́. Nígbà tí àkókò bá tó láti tún páráṣúùtì kejì dì, mo máa gbé e padà lọ nítorí èyí, mi ò sì ní dorí kodò títí di ìgbà yẹn.