Ojú mi ti ń mọ́, àmọ́ ẹ gbọ́ ohun tí ojú mi rí

"Àǹtí, ẹ fọkàn balẹ̀, gbogbo èèyàn la máa ń ṣe é fún."

Gbólóhùn yìí ló jẹ́ kí n jókòó kọ àgbéyẹ̀wò nípa ilé ìwòsàn awọ tí mò ń lọ. Mo ti dùbúlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì nígbà tí ọmọbìnrin kan tó ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ sọ ọ́. Wọ́n ti fi ọ̀já fa irun mi sẹ́yìn, wọ́n ti fi òwú nu ojú mi títí ó fi ń ta mí. Ó mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré lọ́wọ́ ọ̀tún, ó gbé abọ́ gíláàsì lọ́wọ́ òsì. Mo ní kí ló wà nínú abọ́. Ó ní ásíìdì ni. Mo ní ásíìdì wo? Ó ní glycolic, èyí tí wọ́n fi ń bó awọ òkè ojú, tí wọ́n ń pè ní peel. Mo ní báwo ni agbára rẹ̀ ṣe tó? Ó ní láti yíjú wo ìgò kó tó lè dá mi lóhùn: ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún.

Fáìlì mi wà lórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o. Táwẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ká ni wọ́n gbé lé e lórí. Ká ní ó ṣí i ni, ì bá rí i pé dókítà ilé wọn kan náà ló kọ tretinoin, ìpara tó ń mú kí awọ tètè pààrọ̀, fún mi, pé òun ni mo sì ń fi pa ojú lálaalẹ́. Ẹni tó bá ń lo tretinoin, ojú rẹ̀ kì í gba ìyà mọ́. Wọ́n sábà máa ń ní kó dá a dúró fún bí ọ̀sẹ̀ kan kí ásíìdì tó kàn án. Yàtọ̀ síyẹn, ìdá 70 kọ́ ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀ fún aláwọ̀ dúdú bíi tèmi. Ìdá 20 tàbí 30 ni, wọn á wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Awọ dúdú tó bá jóná kì í kàn jinná kó dákẹ́. Mẹ́lánìn, èròjà tó ń mú awọ dúdú, ló máa ń tú jáde, ibi tí wọ́n ní àwọn fẹ́ tún ṣe á wá dúdú ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ó sì lè gba ọ̀pọ̀ oṣù kó tó ṣí.

Mo dìde jókòó. Ó ní, "Ẹ ti sanwó rẹ̀ o." Mo ní owó mi ló ká yín lára, ojú mi ńkọ́?

Kí n tó sọ bó ṣe parí, ẹ jẹ́ kí n sọ ti dókítà wọn, torí mi ò fẹ́ purọ́ mọ́ ẹnikẹ́ni. Dókítà yẹn mọṣẹ́.

Melasma, àbàwọ́n dúdú tó máa ń yọ sójú, ló ń yọ mí lẹ́nu. Ẹni tó bá ní in kò nílò àlàyé: ó yọ nígbà oyún, mo bímọ tán, kò lọ. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ méjèèjì, òkè ètè, díẹ̀ níwájú orí. Dókítà pa iná yàrá, ó tan iná aláwọ̀ àlùkò kan sí mi lójú láti mọ bí dúdú náà ṣe wọlé tó. Ó wá da ìbéèrè bò mí. Ìpara wo ni mo ti lò? Ṣé mò ń lo oògùn ìfètò-sọ́mọ-bíbí? Níbo ni mo máa ń jókòó níbi iṣẹ́? Mo ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé. Ó ní apá ibo ni fèrèsé wà? Mo ní apá òsì. Ó kàn gbé dígí fún mi ni, kò sọ nǹkan kan. Ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ló dúdú jù.

Nígbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣàlàyé pé oríṣi ìtànṣán oòrùn méjì ló ń ba awọ jẹ́, UVB àti UVA: gíláàsì fèrèsé máa ń dá èyí tó pọ̀ jù nínú UVB dúró, ṣùgbọ́n UVA ń gba inú rẹ̀ kọjá. Ó ní SPF, nọ́ńbà tí wọ́n ń kọ sára sunscreen, ìyẹn ìpara tó ń dí oòrùn, ti UVB ló ń sọ: 30 ń dá nǹkan bí ìdá 97 nínú ọgọ́rùn-ún rẹ̀ dúró, 50 ń dá ìdá 98 dúró, nítorí náà kí n má ṣe torí nọ́ńbà ńlá náwó nínàákúnàá. Ti UVA, kí n wá ibi tí wọ́n bá ti kọ broad spectrum, ìyẹn ni pé ó ń dí UVA àti UVB. Èyí tó wá ṣí mi lójú jù ni pé ìmọ́lẹ̀ lásán tí a fi ń ríran náà máa ń mú melasma dúdú sí i, pàápàá lára àwa aláwọ̀ dúdú, sunscreen funfun kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ dí i lọ́nà. Iron oxide ló ń ṣe é, ìyẹn èròjà tó ń jẹ́ kí àwọn sunscreen kan ní àwọ̀ ara. Láti ọjọ́ tí mo ti ń ra ìpara, kò sẹ́ni tó sọ èyí fún mi rí, títí kan àwọn tó ń tà á.

Ó ní kí n máa fa ìlà sunscreen méjì gígùn sórí ìka ìfábẹ̀lá àti ìka àárín, fún ojú àti ọrùn. Wákàtí méjì-méjì kí n tún un pa bí mo bá wà níta. Ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde kí ẹ wò ó, ó pọ̀ o, ìgò kan kì í pẹ́ tán.

Ó kọ hydroquinone ìdá 4, ìpara tó ń dín dúdú ojú kù, fún mi, ó sì fi bírò kọ ọjọ́ tí màá dá a dúró sára páálí rẹ̀ gàdàgbà. Ó ní oṣù díẹ̀ péré, azelaic acid, ìpara mìíràn fún dúdú ojú, ni màá bọ́ sí lẹ́yìn rẹ̀. Bí èèyàn bá ń fi hydroquinone pa ojú fún ọdún gbọọrọ, ó lè fa ochronosis, dúdú tó dà bí aró lábẹ́ awọ, tí oògùn kì í sì í tètè ràn. Kò yà mí lẹ́nu pé European Union ti yọ ọ́ kúrò nínú ìpara ìṣaralóge láti 2001, tí Amẹ́ríkà náà ò sì jẹ́ kí wọ́n tà á láìsí ìwé dókítà mọ́ láti 2020.

Ẹ wá wo àwọn tó ń gbowó níwájú. Mi ò tíì rí dókítà tí wọ́n ti fún mi ní ìwé lésà tí mo máa sanwó rẹ̀ lápapọ̀. Dókítà ló fi bírò gé e. Ó ní ooru lésà lè mú melasma burú sí i, pé èyí tó bá awọ dúdú mu jù, irú lésà tí wọ́n ń pè ní Nd:YAG, wọ́n ṣì gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ dán an wò níbi kékeré. Ó kọ peel fẹ́ẹ́rẹ́ sí i, ó fi kún un pé "tó bá yá, lẹ́yìn tó bá ti dá tretinoin dúró." Àwọn tó ń gbowó ka "peel," wọn ò ka ìyókù. Bí mo ṣe dé orí bẹ́ẹ̀dì nìyẹn.

Sunscreen aláwọ̀ ara tí wọ́n ń tà ńkọ́? Oríṣi mẹ́ta péré, èyí tó dúdú jù nínú wọn sọ mí di ẹni tó fi eérú bọ́jú. Ọmọkùnrin tó ń tà á ní, "Ó máa wọlé." Kò wọlé. Ibòmíràn ni mo ti ra tèmi.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sórí bẹ́ẹ̀dì. Ariwo wa ló mú nọ́ọ̀sì àgbà kan wọlé. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè ohunkóhun. Ó gbé táwẹ́ẹ̀lì kúrò, ó ṣí fáìlì, ó kà á tán, ó gba abọ́ lọ́wọ́ ọmọbìnrin náà, ó dà á nù. "Ẹ pẹ̀lẹ́, màmá. Ẹ má bínú. Ẹ jẹ́ kí n bá yín fọ ojú." Omi tútù ló fi fọ̀ ọ́, ó rọra fi táwẹ́ẹ̀lì tẹ̀ ẹ́, kò fi ra mí lójú rárá. Ó wá kọjú sí ọmọbìnrin yẹn: "Kí ni mo ní kí o máa kọ́kọ́ ṣe?"

"Kí n ka fáìlì, mà."

"Kí lo kà?"

Ọmọ náà ò fọhùn. Lójú mi níbẹ̀ ni nọ́ọ̀sì pe dókítà, ó gbé ohùn rẹ̀ síta kí n lè gbọ́. Dókítà ní kí wọ́n má fi nǹkan kan kàn mí lójú. Kí n sọ òótọ́, ara mi balẹ̀ débi pé àánú ọmọbìnrin yẹn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe mí. Kò sí ẹni tó dúró tì í, a kàn já ìgò lé e lọ́wọ́ ni.

Àánú yẹn ò pẹ́ tó fi tán níwájú, níbi tí wọ́n ti sọ fún mi pé àwọn kì í dá owó padà, àmọ́ àwọn lè bá mi sọ ọ́ di lésà. Lésà tí dókítà gé!

Mo ṣì ń lọ síbẹ̀. Òkè ètè mi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ìyókù ojú dọ́gba, iwájú orí ti mọ́, ẹ̀rẹ̀kẹ́ òsì ṣì ń ṣagídí. Dókítà ti sọ ọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ pé bí mo bá jáwọ́ nínú sunscreen, ó máa padà wá. Mo ti gbé tábìlì mi kúrò ní ẹ̀gbẹ́ fèrèsé.

Máàkì: 4 nínú 5. Dókítà ló gba méjì, nọ́ọ̀sì àgbà ló gba méjì. Ọ̀kan tó kù wà lọ́dọ̀ àwọn tó ń gbowó, níbi tí owó peel mi ṣì wà.