Ìkànnì SDG Index: ibi tó wúlò dé fún ará Ìjẹ̀bú àti Rẹ́mọ

Rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ (ẹgbẹ́ àwọn tí ọjọ́ orí wọn jọra) tó bá gbẹ́ bóhóòlù sí àdúgbò kan ní Ìjẹ̀bú-Òde ní ẹ̀tọ́ láti bèèrè bóyá omi yẹn wọ inú ìṣirò orílẹ̀-èdè. Ìkànnì dashboards.sdgindex.org dára láti kọ́kọ́ yà sí. Ọ̀fẹ́ ni. SDSN, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lórí ìdàgbàsókè, ló ń gbé e jáde lọ́dọọdún. Kì í ṣe èsì tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fọwọ́ sí, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀ níwájú ìjọba.

Lórí àfojúsùn ìdàgbàsókè (SDG) 17 tí ayé fẹnu kò lé ní 2015, tí gbèdéke wọn jẹ́ 2030, ó ń fún orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ní máàkì láti 0 dé 100. Ẹ tẹ Country Profiles, kí ẹ yan Nigeria. Máàkì àti ipò ló máa kọ́kọ́ yọjú, ẹ fò wọ́n. Ẹ sọ̀ kalẹ̀ síbi tí wọ́n to àwọn atọ́ka sí (àwọn ohun tí wọ́n ń wọ̀n lábẹ́ àfojúsùn kọ̀ọ̀kan), ẹ wo iye, ẹ wo ọdún tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ tó wo ọfà tó ń fi ìrìn wa hàn. Ọfà tó na gbalaja túmọ̀ sí pé ìrìn wa kò tó ìdajì èyí tó yẹ. Àwọ̀ tí wọ́n fi kun àfojúsùn kọ̀ọ̀kan ńkọ́? Atọ́ka méjì tó burú jù níbẹ̀ ni wọ́n fi ń pinnu rẹ̀. A fara mọ́ ọn, torí kò jẹ́ kí ibi tó dára bo ibi tó ń jẹrà.

Ẹ jẹ́ ká fi omi dán an wò. Ohun tí ìkànnì yìí kà ni ìpele ìpìlẹ̀ (basic): omi bíi ti bóhóòlù tàbí kànga tó ní ìdérí, tí àlọ, àbọ̀ àti títò lórí ìlà kò ju ìṣẹ́jú 30 lọ. Bóhóòlù yín wọlé. Ṣùgbọ́n bí epo jẹnẹrétọ̀ bá tán, tí kẹ́ẹ̀gì tò láti ẹnu ẹ̀rọ dé ojú títì, tí ọmọ tó lọ pọnmi sì lo ìṣẹ́jú 45, ilé yẹn ti já sí ìpele tó rẹlẹ̀. Òṣùwọ̀n Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé fúnra rẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ: omi gbọ́dọ̀ wà nínú ọgbà ilé, kó máa yọ nígbà tí a bá fẹ́ ẹ, kó sì mọ́ kúrò nínú kòkòrò ìgbẹ́ àti kẹ́míkà olóró. Bóhóòlù àdúgbò, bó ti wù kó dára tó, kò lè kúnjú rẹ̀. Ó yẹ kí ìkànnì náà kọ ìyàtọ̀ yìí gàdàgbà.

Ní ọdún tí kò bá sí ìwádìí ilé-dé-ilé, WHO (àjọ ìlera àgbáyé) àti UNICEF, tí ìkànnì yìí ń gba iye omi lọ́wọ́ wọn, máa ń ṣírò rẹ̀ láti inú àwọn ìwádìí tó ti kọjá. Nítorí náà, bóhóòlù tí ẹ ṣí lónìí kò ní í hàn títí ìwádìí mìíràn yóò fi dé.

Ẹ má fi ipò inú ìwé ọdún kan wé ti òmíràn, torí wọ́n máa ń pààrọ̀ atọ́ka. Máàkì tí wọ́n tún ṣírò padà sẹ́yìn wà nínú fáìlì Excel tó wà ní Downloads. Kọ̀ǹpútà ni kí ẹ fi ṣí i, fóònù á dà á rú.

Àléébù tó dùn wá jù ni pé kò sí Ògùn níbẹ̀, áḿbọ̀sì Rẹ́mọ. Ẹ fi ìwé MICS 2021 tì í, ìwádìí ilé-dé-ilé tí NBS (àjọ ìṣirò ìjọba àpapọ̀) àti UNICEF ṣe. Iye ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan wà nínú rẹ̀. Iye ilé tí wọ́n yàn kò tó láti ya Ìjẹ̀bú-Òde sọ́tọ̀ sí Ìpókíà. Ẹgbẹ́ tó bá fẹ́ mọ ti àdúgbò rẹ̀, kó ka ilé fúnra rẹ̀, pẹ̀lú ìbéèrè MICS gan-an àti ìṣẹ́jú 30 kan náà, kí èsì rẹ̀ lè ṣe é fi wé ti ìpínlẹ̀.