Èédú tí mo rà fún omi ṣùkù àgbàdo: ó ṣiṣẹ́, àmọ́ kìí kó gbogbo oró

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń fi ṣùkù àgbàdo ṣe ethanol (ọtí tí yíìsì ń fi ṣúgà ṣe) ní láàbù, ẹ gbọ́ o. Activated charcoal (èédú tí wọ́n ṣe kó lè máa fa nǹkan mọ́ra) kílò kan ni mo rà lọ́wọ́ ẹni tó ń ta kẹ́míkà, èèpo àgbọn ni wọ́n fi ṣe é, ó kúná bí èlùbọ́.

Yíìsì mi tó ń kú ló jẹ́ kí n wá a kiri. Mo lọ ṣùkù, mo fi sulphuric acid tó fẹ́lẹ́ sè é nínú autoclave (ẹ̀rọ tó ń sè nǹkan bíi pressure pot) ní 121°C, ṣúgà jáde dáadáa, àmọ́ omi ẹ̀ dúdú bí àgbo, mo da yíìsì sí i, ọjọ́ méjì gbáko, kò hó rárá. Ooru àti ásíìdì tó ń tú ṣúgà sílẹ̀ náà ló ń ba díẹ̀ jẹ́ nínú ẹ̀, ṣúgà tó ń jẹ́ xylose á di furfural, glucose á di hydroxymethylfurfural (HMF), lignin tó ń mú ṣùkù le á tú àwọn phenol sílẹ̀, acetic acid náà á bá wọn jáde, gbogbo wọn ló sì ń pa yíìsì lára. Ẹ kàn rò ó bí ẹ̀gẹ́ tí a gbọ́dọ̀ rẹ kí oró ẹ̀ tó lọ.

Gíráàmù 3 sí 100 ml ni mo lò, mo pò ó fún wákàtí kan, mo sẹ́ ẹ bí wọ́n ṣe ń sẹ́ ògì. Háà, omi yẹn mọ́ bí tíì tí ò ní mílíìkì! Ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́, yíìsì ti ń hó, inú mi dùn gan-an ni.

Àmọ́ ẹni tó tà á ní gbogbo oró ló máa kó, ìyẹn ò sì dáa torí irọ́ ni. Acetic acid ò fi bẹ́ẹ̀ lẹ̀ mọ́ èédú. pH (ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tó, bó bá ṣe kéré sí ló ṣe ń kan sí) ni mo fi ń ká a lọ́wọ́ kò, 5.5 ni mo máa ń gbé e sí, torí tí pH bá ti lọ sílẹ̀ ju 4.8 lọ, acetic acid á ráyè wọ inú yíìsì wẹ́rẹ́. Ẹ má sì da èédú jù o, ó ń gbé ṣúgà náà mì.

Hydrated lime (ìyẹ̀fun funfun tó ń pa ásíìdì, tó tún lè dín oró yẹn kù) dínwó ju èédú lọ, àmọ́ ẹ gbọ́dọ̀ gbé pH dé 10, ẹrẹ̀ funfun tí wọ́n ń pè ní gypsum á kún ilẹ̀, ṣúgà á sì ṣòfò. Nísìnyí, lime ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, mo wá ń fi èédú díẹ̀ parí ẹ̀, kílò kan yẹn ò tíì tán.

Ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún. Ìkan tó kù, torí ọ̀rá ẹ̀ ni, ó ti ya kó tó dé ọwọ́ mi, bẹ́ẹ̀ èédú yìí máa ń fa omi àti òórùn inú afẹ́fẹ́, ẹ jọ̀ọ́ ẹ yẹ ọ̀rá yẹn wò dáadáa kẹ́ ẹ tó sanwó.